Ogun Tí Ìyá Ìyàwó Gbà Lọ́wọ́ Balógun

Ó ku ìlú kan ṣoṣo.

Ìlú kan péré, ogun á tán, Balógun á gbẹ̀san gbogbo ìyà tó ti jẹ.

Ẹ má rò pé ológun gidi ni o. Fíríìjì ni Balógun ń tún ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ja ogun inú géèmù kan báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni Ọbabìnrin Àríwá sì lù ú bíi bàrà. Géèmù náà kì í ṣe ti eré sísá. O ta tìẹ, ọ̀tá á ta tiẹ̀, bíi dráfù. Ìyípo ni wọ́n ń pe títa kọ̀ọ̀kan, èèyàn sì lè ronú lórí ìyípo kan títí ìrẹsì á fi jóná lórí iná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún yìí. Ó ti gba ìlú mọ́kànlá lọ́wọ́ Ọbabìnrin. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti yí olú-ìlú po, àgbá tò lọ rẹrẹ, ẹṣin ń jan pátákò mọ́lẹ̀, gbì, gbì, gbì. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, Balógun mí kanlẹ̀, ó na ìka sí bọ́tìnnì.

Fùùùùù!

Páìpù abẹ́ síǹkì ló já nílé ìdáná. Balógun gbé páàdì tó fi ń ta géèmù lé apá àga, ó sáré wọlé lọ bá omi.

Ẹnì kan ṣoṣo tó kù ní pálọ̀ ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Mọ́mì ní orúnkún, ó sì wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè kọ́fẹ padà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Mọ́mì kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi ń la ìjà àwọn ọmọ kéékèèké. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n láti òkè gíláàsì rẹ̀.

Ni Ọbabìnrin bá kúnlẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀: ó ti rẹ òun, àwọn ọmọ òun ti kú tán, kí àwọn jọ̀ọ́ parí ìjà. Bọ́tìnnì méjì wà nísàlẹ̀, Bẹ́ẹ̀ ni àti Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mọ́mì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. Kò mọ̀ pé irú ìkà báyìí lòun fi ọmọ òun fún.

Ó fa páàdì mọ́ra.

Pá! Bẹ́ẹ̀ ni.

Géèmù tún bi í bóyá kí wọ́n dá àwọn ìlú tí wọ́n ti gbà padà fún oní-nǹkan.

Pá! Bẹ́ẹ̀ ni.

Ìlú mọ́kọ̀ọ̀kànlá! Fèrè dún, pẹẹẹẹ! Àwọn ọmọ ogun Balógun ká àgọ́, wọ́n gba ilé wọn lọ.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Nígbà tí Balógun jáde, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin dé ìbàdí, sípánà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ilẹ̀ ọ̀tá tí géèmù ti kùn ní búlúù fún un ti pupa fòò láti òkè dé ilẹ̀. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbàù, sórí ìka ẹsẹ̀.

Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

"Mọ́mì, ta ló fọwọ́ kan páàdì, mà?"

"Èmi ni. Obìnrin yẹn ń bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, o ò sì sí níbẹ̀. Mo ti bá yín parí ẹ̀."

"Àwọn ìlú ńkọ́, mà?"

"Má ṣèyọnu. Mo ti dá gbogbo nǹkan rẹ̀ padà fún un."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó? Ṣé ó máa bú u ni? Balógun tẹ̀ ba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sílé ìdáná, ó ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu, ó sì ké sínú rẹ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ bí okùn.

Nígbà tó máa fi jókòó padà, ó ti gba kámú. Àdéhùn ní kò gbọ́dọ̀ sí ogun fún ìyípo mẹ́wàá. Ó ń tẹ ìyípo lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé oorun tó máa sùn lálẹ́ òní á yàtọ̀.

Ní ìyípo kẹta, Ọbabìnrin ya ìwé àdéhùn. Ó gba ìlú Balógun méjì, ó dáná sun ẹ̀kẹta, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lé e. Mọ́mì ní kí Balógun gbé orí kúrò lójú òun kí òun kà á.

Òmùgọ̀ aláàánú, ni Ọbabìnrin wí, ìwọ ni oúnjẹ àárọ̀ mi.

Mọ́mì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà.

"Ta ló ń bá wí?"

Balógun rò ó díẹ̀. "Ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn ni, mà."

Mọ́mì bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún. Ó gbé e padà sójú. Àwọn tó ti kọ́ rí, tí wọ́n ti di bàbá ọmọ báyìí, bí wọ́n bá rí bó ṣe gbé gíláàsì yẹn sójú, ojú fèrèsé ni wọn ì bá gbà jáde.

"Gbé nǹkan yẹn wá."

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ni.

Mọ́mì ò ta géèmù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń ká olórí kunkun lọ́wọ́ kò. Ó ní kí Balógun ṣàlàyé àwọn bọ́tìnnì fún òun lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kọ orúkọ gbogbo ìlú Ọbabìnrin sínú ìwé bíi rẹ́jísítà kíláàsì, ó fi bírò pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lẹ́nu odi. Ó dí ọ̀nà oúnjẹ, ó dí ojú odò, ó jókòó tẹtẹrẹ. Tí ebi bá lu ìlú kan dáadáa, á ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, Mọ́mì á sì máàkì í.

Ìlú tí Balógun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbà, Mọ́mì fi ife tíì kan gbà á.

Nígbà tí ìyàwó ti ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án, ọkọ rẹ̀ ló bá nídìí àlùbọ́sà. Ó kí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò wẹ̀yìn. Ó béèrè bóyá ó ti lo oògùn, Mọ́mì ní ó di ìyípo tó ń bọ̀.

"Kí lo fi ṣe Mọ́mì mi?" ni ìyàwó rọra bi ọkọ rẹ̀.

"Èmi kọ́. Ọbabìnrin ló bú u."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku olú-ìlú nìkan. Ọbabìnrin tún kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àánú rẹ̀ tiẹ̀ ṣe Balógun alára, torí ojú obìnrin náà ti rí nǹkan láti àárọ̀. Ó sún mọ́ àga, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́mì, ó ń bẹ̀bẹ̀ o, mà."

"Ó ti bẹ̀bẹ̀ rí."

Pá! Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Gbìììì! Odi wó lulẹ̀. Balógun fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù. Ogun ti tán nìyẹn, á gba páàdì rẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù á gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó na ọwọ́.

Mọ́mì ò wo ọwọ́. Máàpù ló ń wò.

"Ta ló ni erékùṣù ọwọ́ ọ̀tún yìí?"

"Ọ̀rẹ́ wa ni, mà. Òun ló ń fún wa lẹ́ṣin."

"Nígbà tí wọ́n ń bú mi, ibo ló wà?"

Ẹ gbà mí! Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, erékùṣù ti wọ rẹ́jísítà.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Dókítà wo orúnkún, ó ní Mọ́mì lè máa lọ sílé. Mọ́mì ní ọmọdé ni dókítà yẹn, kò tíì mọ orúnkún. Bàbá, ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ojú irin, ń pè lórí fóònù, Mọ́mì á ní kí Balógun sọ fún un pé òun wà lórí òkun. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí Balógun ti fọwọ́ kan páàdì kẹ́yìn. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí ìkòkò ló ń lọ tààrà. Nígbà tó sú u, ó yọ́ bọ́ sẹ́yìn ilé, ó pe Bàbá, ó fọgbọ́n sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ Mọ́mì gan-an, kó wá mú un.

Bàbá dé lọ́jọ́ Sátidé, ojú rẹ̀ le bí irin. Balógun dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú rẹ̀ ń dùn wọ̀ọ̀, ó ti palẹ̀ ẹrù Mọ́mì mọ́, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹrù wọn ti wà nílẹ̀, sà."

Bàbá wo ẹrù náà. "Ta ló ń lọ síbì kan?"

Ó fẹsẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó wọ pálọ̀, ó ká ọwọ́ mọ́yà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó jókòó sí etí àga. Nígbà tó tún pẹ́, ó ṣí fìlà.

"Ẹ̀yìn ẹ ṣí sílẹ̀ lápá odò yẹn."

"Mo rí i. Ṣé ọwọ́ mẹ́rin lẹ fẹ́ kí n ní?"

Bàbá sọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí Balógun, ó ní kó lọ kó ẹrù tó wà ní búùtù. Balógun ṣí búùtù. Báàgì ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó kún débi pé síìpù rẹ̀ fẹ́ já. Kì í ṣe báàgì ọjọ́ kan. Kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan pàápàá. Lórí rẹ̀ ni lailọ́ọ̀nù kan wà, páàdì tuntun sì wà nínú rẹ̀, kò tíì jáde nínú páálí.

Ó rù wọ́n wọlé. Bàbá gba lailọ́ọ̀nù, ó fi eyín ya páálí, ó sún mọ́ Mọ́mì.

"Ìyá ìyàwó ẹ pè mí lánàá," ó ní. "Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ní nílé yìí."

Balógun dúró láàárín pálọ̀, báàgì wà lórí rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Sún díẹ̀, àna mi," ni Bàbá wí. "O dí wa lójú."