Alùpùpù Tó Dé Oko Láìpariwo

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Alùpùpù tó bá dé oko, ẹ béèrè ẹni tó tì í"? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín, nítorí ẹni tó bá mọ Ògúndìran ará Òkè-Àgbọn kò ní rò pé àsọdùn ni.

Ògúndìran ní oko kòkó kan lẹ́yìn odò Elékùsà. Òun àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara wọn gbìn ín nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ó tún ní alùpùpù dúdú kan tó rà nígbà èwe rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún títì ọlọ́dà láyé ọjọ́un. Ó tóbi, ó sì wúwo débi pé Akọ Màlúù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lórí títì, Akọ Màlúù a máa lọ bí epo tó ń ṣàn. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kò kan ọ̀nà oko rí.

Nígbà tó yá, orúnkún Ògúndìran bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ń rìn yí ilé ká, kò lè rìn dé oko mọ́. Odindi ọdún kan kọjá, kò fojú kan igi kòkó rẹ̀. Ni Dúró, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bá wá láti Àkúrẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó sọ ohun tó gbé e wá.

"Bàbá, oko yẹn ti ń di igbó. Ẹ jẹ́ ká fi fún ẹlòmíràn kó máa tọ́jú rẹ̀, kó máa pín èso rẹ̀ pẹ̀lú wa."

"Ẹlòmíràn wo?"

"Ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e débẹ̀."

"Èmi náà á débẹ̀."

"Ṣé kí n wá ọlọ́kadà tí yóò máa gbé yín lọ?"

"Kí ọlọ́kadà gbé mi sẹ́yìn lọ sí oko tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣán? Bí àpò gbágùúdá? Dúró, ṣé ara rẹ yá báyìí?"

Dúró mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, oko ni n óò wà láti àárọ̀. Bí ẹ bá fúnra yín débẹ̀, ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀yin lẹ ni ín títí ayé. Bí ẹ kò bá dé, ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tí yóò gbà á."

Ògúndìran ní kò burú. Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó wo orúnkún ọkọ rẹ̀, ó wo Akọ Màlúù, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ògúndìran gun alùpùpù lọ sọ́dọ̀ Sànúsí, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ létí títì.

"Sọ ọ́ di ti oko fún mi."

Sànúsí rẹ́rìn-ín. "Baba, ti títì nìyí. Àwọn ọ̀kadà kéékèèké tó ń lọ sóko, bí wọ́n bá ṣubú, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń gbé wọn dìde. Èyí ńkọ́? Èèyàn mélòó ni yóò gbé e?"

"Ṣé gbígbé ni mo ní kí o gbé e? Tún un ṣe ni mo wí."

Ẹ kò lè bá Ògúndìran jiyàn. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò ní kí ẹ mú ẹlẹ́rìí wá. Sànúsí bá mú irinṣẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fi táyà eléyín tó nípọn bí ẹ̀yìn ọ̀nì rọ́pò táyà títì. Táyà náà kò gba abẹ́ mọ́gáàdì. Ògúndìran ní kí wọ́n gé mọ́gáàdì dànù. Ó ní omi odò yóò wọ sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, kí wọ́n fà á sókè. Wọ́n fà á títí ẹnu rẹ̀ fi dé ìbàdí èèyàn. Ó ní òkúta yóò máa ha ikùn ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ ga. Sànúsí fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù sí i, ni Akọ Màlúù bá nàró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Ògúndìran wá rí i pé ó ṣì wúwo. Ó ní kí wọ́n yọ ohunkóhun tí kò bá wúlò. Wọ́n yọ iná ẹ̀yìn, wọ́n yọ irin ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì yọ ìjókòó ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ohun tí wọ́n yọ délé, Àwẹ̀ró rí ìjókòó yẹn nílẹ̀. Orí rẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ tí Ògúndìran kọ́kọ́ gbé e gba àárín ọjà kọjá, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò.

"Baba Dúró, níbo ni èmi wá máa jókòó sí?"

"Àwẹ̀ró, ẹsẹ̀ tìrẹ kò dùn ọ́. Ìwọ ń rìn dáadáa."

Àwẹ̀ró gbọn eruku ara ìjókòó náà, ó gbé e wọ yàrá lọ.

Ilẹ̀ Àbámẹ́ta mọ́. Ògúndìran gbé ẹsẹ̀ sókè kó gun alùpùpù, ẹsẹ̀ kò débẹ̀. Wọ́n gbé odó síta, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gun orí odó kó tó gun orí Akọ Màlúù. Ìgbà tó jókòó tán ló wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì láfẹ́fẹ́ bíi ti ọmọdé tó wà lórí ẹ̀ka máńgòrò.

"Àwẹ̀ró, dì í mú o!"

"Mo dì í mú."

"Má fi í sílẹ̀ o!"

"Bí n kò bá fi í sílẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ lọ?"

Ògúndìran rò ó. Bí alùpùpù bá ń lọ, kò ní ṣubú. Bó bá dúró, òun kò ní ẹsẹ̀ tí yóò tẹlẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí níbikíbi tó bá ti dúró. Báyìí ni Àwẹ̀ró ṣe so agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọn óò sun jẹ lóko mọ́ ibi tí ìjókòó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ Akọ Màlúù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì dáhùn, òun náà sì ń sáré tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọn kò tíì kọjá ilé tó kẹ́yìn ìlú tí ẹrẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Táyà iwájú bù ú, kò sì sí mọ́gáàdì tí yóò dá a dúró. Ojú Ògúndìran ló gba gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀nà dà?"

"Ẹ la ojú yín!"

"Mo ti là á, ẹrẹ̀ ni mo ń rí!"

Táyà ẹ̀yìn náà kò dá Àwẹ̀ró sí. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ òkè olókùúta, àwọn méjèèjì ti dà bí ìkòkò tí wọn kò tíì sun.

Akọ Màlúù sáré gun òkè dé ìdajì, ó rò ó wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Àwẹ̀ró ló fi èjìká gbà á. Ó tì, ó tì, sàlẹ́ńsà ń tú ooru sára agbọ̀n, òórùn dídùn kan sì ń jáde. Kí wọ́n tó dé orí òkè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ògúndìran kò lè sọ̀ kalẹ̀, nítorí odó wà nílé. Àwẹ̀ró ń fi ọwọ́ kan di alùpùpù mú, ó ń fi ọwọ́ kejì bọ́ ọ.

"Ó dùn," ni Ògúndìran wí. "Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́?"

"Ó di òkè mìíràn."

Odò Elékùsà ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ẹ̀rù kò ba Ògúndìran, sàlẹ́ńsà ṣáà ti wà lókè. Ó wọ inú omi tariwo-tariwo. Ṣùgbọ́n alùpùpù náà a máa mí, ihò tó fi ń fa afẹ́fẹ́ kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tó wà látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ògúndìran gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó gbàgbé imú rẹ̀. Akọ Màlúù fa omi símú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Inú odò wá pa rọ́rọ́. Ògúndìran jókòó sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀ tí omi mù dé àyà, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá alùpùpù mọ́ra. Ó rántí ìjókòó tó yọ. Ó dùn ún ju orúnkún rẹ̀ lọ.

"Àwẹ̀ró, jẹ́ ká padà. Kí Dúró máa mú oko lọ."

"Padà? Lẹ́yìn òkè tí mo fi èjìká gùn?"

"Ìyà ni mo fi ń jẹ ọ́."

"Ti inú ilé nìyà. Láti ìgbà tí ẹ kò ti lọ sóko mọ́, adìyẹ mi lẹ ń bá jà. Ẹ ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ kí ẹ lè rí i fi bú wọn. Àkùkọ mi kì í kọ mọ́ bí ẹ bá ti jí. Ẹ jọ̀ọ́, Baba Dúró, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé oko, kí adìyẹ mi sinmi." Ó bu omi nu ẹrẹ̀ ojú ọkọ rẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Oko yẹn ni mo ti mọ̀ yín dáadáa. Ẹ di ọwọ́ alùpùpù mú."

Ó bá ń tì í lọ. Ó tì í jáde nínú omi, ó tì í gba abẹ́ obì, Ògúndìran jókòó gàgà lórí irin tí kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Yà sọ́tùn-ún, Àwẹ̀ró!"

"Ta ló di ọwọ́ alùpùpù mú?"

"Èmi ni."

"Kí ẹ yáa yà á!"

Dúró ti wà nínú oko láti àárọ̀, ó ń dẹtí sí ariwo ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti gbà pé bàbá òun kò ní wá mọ́. Àfi bó ṣe rí orí bàbá rẹ̀ láàárín ẹ̀ka kòkó, tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọba tó ń wọ ìlú.

"Bàbá! Ẹ mà dé! Alùpùpù yìí mà dé oko! Kò tilẹ̀ pariwo! Kí ni Sànúsí fi sínú ẹ́ńjìnnì yìí?"

Alùpùpù ga, agbọ̀n tún wà lẹ́yìn, kò rí ìyá rẹ̀. Ẹ wò ó, ohun tó kù fún Ògúndìran kò ju kó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ. Bó bá ti mi orí, oko di tirẹ̀. Ó la ẹnu. Ó gbọ́ mímí Àwẹ̀ró lẹ́yìn rẹ̀, hẹ̀n, hẹ̀n. Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí sọ pé:

"Dúró, alùpùpù tó bá dé oko, má yìn ín. Béèrè ẹni tó tì í."

Àwẹ̀ró yọ láti ẹ̀yìn. Dúró kò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

"Ìyá mi! Ẹ̀yin lẹ tì í?" Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "A jẹ́ pé ẹ kò fúnra yín dé. Àdéhùn wa ni pé…"

"Àdéhùn ta ni?" ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ta ló bi mí? Bàbá rẹ gbẹ́ ihò, èmi sọ kóró sí i, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbin ibi tí o dúró sí yẹn. Ẹnì kan kò dá a gbìn, kí ló dé tí ẹnì kan yóò fi dá a wá? Bàbá rẹ gùn ún, èmi tì í. Nínú àwa méjèèjì, ta ni kò dé?"

Dúró dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé kòkó. "Oko yín ni, ẹ̀yin méjèèjì."

"Dìde," ni Ògúndìran wí, "wá gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ, kó lọ jókòó."

Dúró ló ti Akọ Màlúù padà sílé lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ lókè, ìyá rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sọ ibi tí kó yà sí. Dúró dé Àkúrẹ́ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà mọ́. Gbogbo ẹni tó bá bi í pé kí ló ṣe é ló ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún, ibẹ̀ sì ni òwe náà ti tàn kálẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń yan fanda lójúde ilé tuntun, ẹ bá a yọ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ na ọrùn díẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò, tó ń mí hẹ̀n, hẹ̀n. Alùpùpù tó bá dé oko, ẹ béèrè ẹni tó tì í.