Ọ̀bẹ Dókítà Ata

Bí ìgbéraga bá ń so lóko ni, Dókítà Ata ì bá ti fi agbọ̀n kó tirẹ̀ tà. Kò síléèwé tó fún un lóyè yẹn o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́. A-fọwọ́-kan-ewé-kéwé-ó-dìde! Ọkọ ata, àna tòmátì! Ẹ̀wù funfun lọ́rùn, ọ̀bẹ kékeré lápò.

Bí ewé ata ẹnikẹ́ni bá ti ní àmì dúdú tó-tò-tó, ó ti dé nìyẹn. Á fọwọ́ pa ewé, á gé ẹ̀ka, á wá da omi lé gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Agbọ̀n ata àkọ́ká lowó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó dé oko bíríkìlà kan. Ebè mẹ́fà ni. Àmì dúdú ti yọ lára ata ebè àkọ́kọ́. Ata ebè tó wà lẹ́yìn pátápátá, ìyá bíríkìlà ló gbìn ín kó tó kú. Kò sírú ata náà lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́. Bó bá kú, ó tán.

"Dókítà, ẹ má fọwọ́ kan ti Màmá."

"Ìwọ! Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án."

Dókítà yínmú. Ó so àkísà pupa mọ́ ebè márùn-ún yòókù tó tọ́jú, bó ṣe ń so ó nínú gbogbo oko tó bá wọ̀. "Káyé lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Bíríkìlà ń ṣe ebè Màmá bí Màmá ṣe ń ṣe é. Omi nídìí, láàárọ̀, kò gbọdọ̀ kan ewé. Ewé tó bá lábàwọ́n, á já a, á sun ún, á fọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Dókítà kó alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àtèrò rẹpẹtẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu. Níbi tí àkísà pupa wà, ewé ti re tán. Igi ló kù ṣáńṣán bí ọwọ̀. Níbi tí kò sí, ewé tutù minimini.

Ìyá àgbà kan, tó ti ń gbin ata kí wọ́n tó bí Dókítà, bi í léèrè:

"Dókítà wa, ọ̀bẹ yín yẹn, ẹ máa ń fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ oko ẹlòmíì?"

"Kí n fọ̀ ọ́? Kí agbára rẹ̀ ṣàn lọ?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ọwọ́ ìwòsàn! Ta ní ń fọ ìyẹn?"

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ti Dókítà gbẹ́ èèkù, ó tún gbẹ́ ọwọ́ tó dì í mú.

Alága ké: "Ẹ gbà mí o! Agbọ̀n ata la fi ń ra àrùn!"

Ẹ̀rín bú sókè. Bíríkìlà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ dúró níwájú ebè Màmá, ó na apá méjèèjì bí ẹni ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Dókítà na ọwọ́ sí ìyá àgbà, kó fi dágbére. Ìyá kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí. Èmi ṣì fẹ́ rúwé."