Àṣẹ Ààfin Lórí Ohùn Fadérera

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Òkè-Àgbọn! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Ẹni tó ń jà, kó ní sùúrù díẹ̀, ìjà náà ò ní sá lọ. Ààfin ló rán mi.

Ọ̀rọ̀ Fadérera ni, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: obìnrin jẹ́jẹ́, tí kì í pariwo mọ́ adìẹ pàápàá. Àwọn obìnrin ìlú wa ní ẹgbẹ́ eléré, obìnrin nìkan ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ipa eré tuntun wọn, ipa ọba já lé Fadérera lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n fi òun ṣe ẹrú. Wọ́n ní ẹrú ti kún.

Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀. Olóyè Jagun gbọ́ pé obìnrin fẹ́ ṣe ọba. Inú bí i. Ó mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ tú wọn ká. Fadérera ti dé adé páálí, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló pẹ́ dé. Láìyíjú padà, ó sọ ọ̀rọ̀ inú eré: "Ta ló wọlé tọ̀ mí wá láìdọ̀bálẹ̀?"

Ará ìlú, Jagun dọ̀bálẹ̀. Mo tún un sọ: Jagun dọ̀bálẹ̀! Gbalaja, pẹ̀lú agbádá funfun, nínú eruku kòkó.

Ẹ̀rù ba Fadérera ju Jagun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ṣí adé, ó ń gbọn eruku lára olóyè, ó ń bẹ̀ ẹ́. Jagun dìde. Ààfin ló gbà lọ tààrà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kábíyèsí ránṣẹ́ pe Fadérera. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé eré ti bàjẹ́, òun ló sì bà á jẹ́. Kábíyèsí ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà kí òun gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kì í ṣe èyí ló mú Jagun dọ̀bálẹ̀," ni Kábíyèsí wí. "Dìde dúró."

Ó dìde, ó tún un sọ. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ ààfin dọ̀bálẹ̀. Kábíyèsí alára ti gbé ìdí kúrò lórí ìtẹ́ kó tó rántí ẹni tí òun jẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí. Ẹ̀yìn èrò ni mo máa ń wà bí ẹ bá ń bá ìlú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohùn yẹn kò fi Fadérera sílẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àṣẹ nìyí.

Ìkíní: Ìdánrawò ń tẹ̀síwájú! Ẹni tó bá dí wọn lọ́wọ́ ni yóò máa gbá iwájú ààfin títí eré yóò fi parí.

Ìkejì: Fadérera kò gbọdọ̀ fi ohùn ọba ra bọ́tìnnì. Oníṣòwò kan ti fún un ní odindi páálí lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tún dúpẹ́.

Ìkẹta: Kó bọ́ ohùn náà sílẹ̀ kó tó wọlé. Làmídì ọkọ rẹ̀ ti wá fẹjọ́ sùn. Ó ní ìyàwó òun ní kí òun gbé omi wá, òun sì ti gbé e dé kí òun tó rántí pé àwọn ń bá ara àwọn jà.

Ìkẹrin: Olóyè tó bá ń kọjá níbi ìdánrawò, kó fi òwú di etí.

Ìkarùn-ún: Kábíyèsí náà fẹ́ bá wọn ṣeré. Àwọn obìnrin gbìmọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n gbà. Ipa kan ṣoṣo ló kù: olorì tó kéré jù. Kò ní gbólóhùn kan láti sọ. Yóò kàn máa kúnlẹ̀, yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọba. Kábíyèsí ti gbà á. Orúnkún ti ń dùn ún.

Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ kan ni ìtanràn. Èmi náà ń gbìyànjú.

Bí wọ́n ṣe fi rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ. Ẹ fi tó ará ilé létí.