Irùngbọ̀n Akéwì Bẹ̀ngálì

Ní Ìsẹ́yìn, ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ń ya fíìmù nípa àgbà akéwì kan láti ilẹ̀ Bẹ̀ngálì, ní Íńdíà. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kan ní Òkàká, ni yóò ṣe akéwì náà. Ó jókòó síwájú dígí, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Sọ̀fíyàt, tó ń kun ojú òṣèré, fẹ́ sọ ọ́ di funfun.

LÁDÒKUN: Sọ̀fíyàt, mọ̀ pé ẹni ńlá lo fẹ́ kùn. Akéwì yìí kọ orin, ó ya àwòrán, ó sì tún dá ilé ìwé sílẹ̀.

SỌ̀FÍYÀT: Èwo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe nínú rẹ̀, sà?

LÁDÒKUN: Wọ́n ti ní kí n dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ti àwòrán, mo ya ẹṣin sójú pátákó lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ kọ "tábìlì" sábẹ́ rẹ̀. Irùngbọ̀n nìkan ló kù.

SỌ̀FÍYÀT: Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́, kí àwọ̀ lè dúró.

LÁDÒKUN: Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Kùn ún bẹ́ẹ̀.

SỌ̀FÍYÀT: Òróró wà lára rẹ̀, sà. Kò ní mú.

(Kí Ládòkun tó gbé orí sá, Sọ̀fíyàt ti fi aṣọ tútù nù ún. Aṣọ náà dúdú.)

LÁDÒKUN: Eruku ọ̀nà Òkàká ni.

SỌ̀FÍYÀT: Eruku Òkàká pupa ni, sà.

(Ó tún nù ún. Irùngbọ̀n náà funfun bí òwú.)

SỌ̀FÍYÀT: Ṣé ẹ máa ń pa á láró ni? Ẹni ọdún mélòó ni yín?

LÁDÒKUN: Ti ìjọba lò ń béèrè ni, àbí ti ìyá mi?

SỌ̀FÍYÀT: Ti ìyá yín.

LÁDÒKUN: Ìyá mi ní mo ti ń rìn nígbà tí a gba òmìnira. Ti ìjọba, n kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìwé, àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló sì máa jókòó níwájú wo fíìmù yìí. Bí wọ́n bá rí irùngbọ̀n yìí, wọ́n á ní kí n fẹ̀yìntì, ilé yá.

SỌ̀FÍYÀT: Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é nígbà náà.

LÁDÒKUN: Ìyàwó mi ti kéde ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. (Ó ronú.) Gbé àwọ̀ funfun yẹn wá. Kùn ún lé e lórí. Kùn ún kó rí játijàti, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé irọ́ ni.

SỌ̀FÍYÀT: Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, sà. Irọ́ ni mo máa ń kùn kó lè jọ òótọ́.

LÁDÒKUN: Lónìí, òótọ́ lo máa kùn kó lè jọ irọ́.

(Sọ̀fíyàt kùn ún. Àwọ̀ ta sí etí, ó ta sí ọrùn.)

LÁDÒKUN (ó wo dígí): Mo jọ ewúrẹ́ tó jí ẹ̀kọ jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀.

SỌ̀FÍYÀT: Kò sẹ́ni tó máa rí yín tí kò ní mọ̀ pé ọmọdé ló ń ṣe àgbà. Ó ku ìrìn. Ẹ dìde, ẹ rìn bí arúgbó.

(Ládòkun di apá àga mú. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó rọra ń dìde, ó dúró lágbedeméjì, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó mí kanlẹ̀.)

SỌ̀FÍYÀT: Ìyẹn gan-an, sà. Bí ẹ ṣe máa ṣe é níwájú kámẹ́rà nìyẹn.

LÁDÒKUN: N kò tíì bẹ̀rẹ̀.