Ọjọ́ tí A Lọ Wọn Ẹrẹ̀ Lẹ́yìn Alápẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣá mi ládàá nítorí abẹ́rẹ́.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ìlú ni. Kétu ni mò ń gbé, mo sì ń wa ọkọ̀ fún obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù nínú omi àti ẹrẹ̀, béèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ó máa ń so ó mọ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á máa yí i wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà á sì máa yọ lójú àpótí kékeré kan.

Lọ́jọ́ náà, àbàtà tó wà lẹ́yìn àdúgbò Alápẹ̀rẹ̀ la lọ. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo gbé irin wọnú ẹrẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹrẹ̀ ti mu mí dé itan. Dókítà ké sí mi:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mira o! Abẹ́rẹ́ ti wọlé."

Mira kẹ̀? Ta ló lè mira?

Ibẹ̀ ni mo wà táwọn ọkùnrin kan fi yọ sí wa pẹ̀lú àdá. Bàbá kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. Ó nawọ́ sí irin wa.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá wọn ilẹ̀ wa?"

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ládùúgbò wa, ẹni tó bá gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, sọ̀féyọ̀ ni. Bí sọ̀féyọ̀ bá sì wọnlẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, katakata tó máa wó ilé ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo yára ké sí i:

"Bàbá, ẹrẹ̀ la wá wọ̀n o, kì í ṣe ilẹ̀!"

Ọ̀kan nínú wọn fi àdá gbá omi. "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Kí ni wọ́n ń da yanrìn lé tó fi ń di ilẹ̀? Ṣé ẹrẹ̀ kọ́ ni?"

Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀. Bí mo ṣe ń jà tó ni mò ń rì tó.

Dókítà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nọ́ńbà yìí. Lókè omi, afẹ́fẹ́ wà. Ẹ máa wò ó bí mo ṣe ń yí abẹ́rẹ́ wọlẹ̀."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nọ́ńbà ń já wálẹ̀, ó ń já wálẹ̀, títí ó fi di òdo.

"Ṣé pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá yíjú sí mi. Ẹrẹ̀ ti dé ìbàdí mi. "Ibẹ̀ lẹ wá gbé ọmọ ọlọ́mọ dúró sí? Ẹ fà á jáde kó tó kú!"

Àwọn tó fẹ́ ṣá mi náà ló dì mí lápá mú. Wọ́n fà mí, hóò! Èmi jáde, ṣòkòtò ò bá mi jáde. Ẹsẹ̀ mi sì gbá irin ṣubú, abẹ́rẹ́ tó wá láti ìlú òyìnbó dá sí wẹ́wẹ́. Dókítà wo abẹ́rẹ́, ó wò mí, ó yára kọjú sí Alápẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ró."

Àpò ìrẹsì ni Bàbá bá mi wá. Òun ni mo fi wakọ̀ délé.

Láti ọjọ́ náà, bó ṣe pé mo kàn fẹ́ yọjú wo omi ni, màá kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ibẹ̀ lọ, màá kí i dáadáa, màá sì sọ ohun tí mo bá wá. Ìyàwó mi ní ojo ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojo ló ń padà wálé wá rẹ́rìn-ín, bí ẹ̀rín náà tiẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lẹ́nu mi.