Páásíwọ́ọ̀dù Ara Ògiri

Ẹjọ́ tó délé Baálẹ̀ Crispino Bolon lánàá, ní abúlé Santa Rufina ní gúúsù orílẹ̀-èdè Belize, kì í ṣe ẹjọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó wọko àgbàdo olóko. Ẹjọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni Baálẹ̀ mọ̀ ọ́n dá. Èyí bá a lójijì.

"Ìyá Basilia, ẹ rojọ́ yín."

Basilia Teul, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, dìde. "Baálẹ̀, Eligorio akọ̀wé wa ni mo pè lẹ́jọ́. Ẹnìkan tí a ò mọ̀ wọ inú ímeèlì ẹgbẹ́. Ó fi orúkọ wa kọ̀wé sáwọn tó ń ra kòkó wa ní Belgium, pé kòkó wa ti jẹrà, kí wọ́n lọ rà á níbòmíì. Wọ́n gbà á gbọ́. Ọkọ̀ ojú omi ti lọ láìkó kòkó wa. Ọgọ́ta àpò ló wà nílẹ̀, tí eku ń kí ara wọn kú oríire lórí ẹ̀."

"Ṣé wọn ò mọ̀ yín ni?"

"Wọn ò rí wa rí, Baálẹ̀. Lẹ́tà yẹn nìkan lojú wa tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá ti lè fi ẹnu wa sọ̀rọ̀, òun ni àwa lọ́dọ̀ wọn. Ogún ọdún la fi kọ́ orúkọ yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi wó o."

Baálẹ̀ yíjú sí Eligorio Sho. "Báwo ni wọ́n ṣe wọlé?"

"Páásíwọ́ọ̀dù ni, Baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣílẹ̀kùn ímeèlì."

"Níbo lo tọ́jú ẹ̀ sí?"

"Ara ògiri ọ́fíìsì. Mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà."

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó ti Baálẹ̀ wúkọ́.

"Kí lo rí tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ààbò ni, Baálẹ̀. Ohun téèyàn bá fi pamọ́ lolè ń wá. Ta ló ń jí ògiri?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Apolonio Ical, ọlọ́dẹ ọ́fíìsì, búra pé ojú òun ò kúrò lára ògiri náà rí.

"Kò sẹ́ni tó dà á kọ, Baálẹ̀. Àlejò kan péré ló ya fọ́tò níbẹ̀."

"Fọ́tò ògiri?"

"Rárá o, fọ́tò èmi. Mo kàn dúró sábẹ́ ẹ̀ ni."

Marcelina ìyàwó ẹ̀ bọ́ síwájú. "Kò sí àlejò kankan, Baálẹ̀. Èmi ni mo ya bàbá yìí. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e sórí Fesibúùkù, káwọn ẹbí wa ní Amẹ́ríkà lè rí ṣẹ́ẹ̀tì tuntun."

"Mo ní kó o ya bàtà mi mọ́ ọn," ni Apolonio wí. "O ò gbọ́. Òkè lo ń yà."

"Marcelina, ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n, Baálẹ̀?"

Gbogbo ilé bá pè é pa pọ̀, títí kan àwọn ìgbìmọ̀: "Kòkó dára, ení, èjì, ẹ̀ta."

Baálẹ̀ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú.

"Ìyá Basilia, ẹ pe àwọn ará Belgium lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín. Kí Apolonio kun ògiri yẹn lónìí. Eligorio, sún mọ́ mi."

Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí.

"Páásíwọ́ọ̀dù tuntun nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, wàá gbé ọgọ́ta àpò yẹn sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá fi okùn so ó mọ́ iwájú orí báwọn bàbá wa ti ń rù ú, wàá fẹsẹ̀ rìn dé èbúté."

"Baálẹ̀, ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ẹlòmíì ni."

Eligorio fọwọ́ bo ẹnu jáde. Kó tó dé ojú ọ̀nà, èèyàn mẹ́rin ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ìyàwó Baálẹ̀ gbé ọbẹ̀ adìẹ àti tọ́tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, ka iwájú ọkọ ẹ̀, òun náà bèèrè.

"Kí lẹ sọ sí i létí?"

Baálẹ̀ la ẹnu láti sọ ọ́ fún un. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ kúrò lórí ẹ̀ pátápátá.

"Àṣírí ìlú ni," ó wí, ó sì fa ọbẹ̀ mọ́ra.