Ọdún Mẹ́fà Lábẹ́ Igi Ẹ̀yìnkùlé

Bí ẹ bá fẹ́ kí Bàbá Oníkámẹ́rà bínú, ẹ pè é ní ayàwòrán lásán. "Olùtọ́jú ìrántí ni mí," ni yóò wí, yóò sì gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. Afojúkan-wòlú, ọkọ kámẹ́rà mẹ́ta! Kì í bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, bó tilẹ̀ ń jẹun. Ọbẹ̀ ti kan ojú kámẹ́rà náà ju bí ọmọ rẹ̀ ṣe kàn án lọ.

Nígbà tí ilé ìkàwé àdúgbò kéde ìdíje àwòrán, pé kí òbí kó àwòrán ọmọ tó ń dàgbà lábẹ́ igi kan náà nítòsí ilé wá, ọ̀kan lọ́dún fún ọdún mẹ́fà, kíá ló forúkọ sílẹ̀. Ó ṣe tán, ó ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé ọdọọdún lòun ń ya ọmọbìnrin òun. Irọ́ ni. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́jọ, kò tíì ya ẹyọ kan.

"Ta ló máa mọ̀?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹni tó bá lójú ni, bàbá ọmọ mi."

Ní Sátidé, ó mú ọmọ lọ sídìí igi ẹ̀yìnkùlé. Ojú ò gbọdọ̀ hàn, ẹ̀yìn ló ń yà.

"Jókòó sínú koríko. Ọmọ ọdún mẹ́ta nìyẹn. Lóṣòó. Mẹ́rin. Kúnlẹ̀. Márùn-ún. Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Mẹ́fà. Dìde. Méje. Ó yá, gun bíríkì yẹn. Mẹ́jọ."

"Bàbá, ẹ wo ìgbín."

"Má yíjú. Iṣẹ́ ńlá là ń ṣe."

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Olùtọ́jú ìrántí wọ kóòtù funfun, ó gba gbohùngbohùn, ó ń ṣàlàyé sùúrù bàbá. Adájọ́, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà, sún mọ́ àwọn àwòrán náà.

"Sà, ìgbín wo lèyí?"

"Ìgbín, mà?"

"Ó wà lára igi nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láti ọdún mẹ́fà, ìwọ̀n ìka kan péré ló tíì gòkè."

Òógùn bo bàbá. "Ṣé ẹ mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gungi, mà."

"Mo fi han Bàbá ní Sátidé," ni ọmọ wí láti ìjókòó iwájú. "Wọ́n ní kí n má yíjú."

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde kí wọ́n lè rí ìgbín. Ìyá àgbà pe ọmọ sórí pèpéle, ó rọra yí i kọjú sí bàbá rẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyín iwájú méjì ò sí níbẹ̀.

Ojú ti bàbá tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun.

"Ìgbà wo leyín rẹ ká?"

"Ó ti pé oṣù méjì, Bàbá."